Kí Ilé-Iṣẹ́ Tó Kógbá Wọlé: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtọ́jú Ìlera Àwọn Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Wa

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ gbé kalẹ̀ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá, ní Òkìtìpupa

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí tí wọn kò sí láàárín wa lónìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Àwa tó kù, ikú kò ní pa wá ní rèwerèwe.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní kí ìgbìmọ̀ wa sọ̀rọ̀ lónìí, ohun tí wọ́n bẹ̀ wá ni pé kí a sọ ohun tí yóò ṣe ẹgbẹ́ láǹfààní ní ọdún mẹ́wàá mìíràn. A kò lọ jìnnà kí a tó rí i. Ìwé ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni a ṣí. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìṣílé. Lẹ́yìn náà ni òkú òbí bẹ̀rẹ̀. Ní ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ilé ìwòsàn ni: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ojú, iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá mọ ìwé kà yóò rí i pé ẹgbẹ́ ti ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lé ní àádọ́ta ọdún, àwọn mìíràn ti ń ka oṣù tó kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí: bí ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn fi agbára rẹ̀ sìn bá wó, ta ni yóò máa san owó ìtọ́jú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá ni

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé, ẹ̀yin ará ibí, àgbẹ̀ ni wá, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kò kàn wá. Ó kàn wá gan-an. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá oko ọ̀pẹ ńlá sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ní 1968 ni àwọn ènìyàn wa ti ń gba owó oṣù nídìí ọ̀pẹ. Àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ nínú rọ́bà, àwọn kan lọ sídìí pákó ní Sápẹ́lẹ́. Àwọn kan ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ gíláàsì Olúwa ní Igbókòdá, lọ́dọ̀ àwọn ará wa Ìlàjẹ, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀, tó sì ti dẹnu kọlẹ̀ tipẹ́. Àwọn tó lọ sí Èkó ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ní NITEL, ní ilé-iṣẹ́ táyà. Ẹ rántí pé Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop sì dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Rọ́bà tí àwọn bàbá wa ń kọ ní oko ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Bí ọ̀kan bá wó, ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí àwọn ènìyàn wa wọ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, wọ́n máa ń sọ fún wọn pé ìtọ́jú wà. Ilé-iṣẹ́ ní dókítà tirẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn tó bá ṣe àdéhùn. Òṣìṣẹ́ á mú káàdì lọ, wọ́n á tọ́jú òun àti ìyàwó àti ọmọ, wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Ní àwọn ibòmíràn, káàdì yìí kò kú lọ́jọ́ tí ènìyàn bá fẹ̀yìn tì. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: níbo ni owó tí wọ́n fi ń san án wà?

Ìlérí yàtọ̀ sí owó

Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn. Owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera kì í ṣe ọ̀kan náà.

Láti 2004 tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2014, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá owó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ á dá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ilé-iṣẹ́ á fi 10 lé e. Owó yìí kì í gbé àpò ilé-iṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Ẹni kan ni ó ń dá owó náà lókòwò, ẹlòmíràn ni ó ń tọ́jú rẹ̀, kí ọwọ́ ẹnìkan má baà dé ibi gbogbo. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ bá wó lọ́la, owó tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ kò bá a wó. Owó ni, ó ní ibi tó wà, ó ní orúkọ tìrẹ lórí.

Ìtọ́jú ìlera lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, kò sí àpò kankan tí wọ́n dá owó rẹ̀ sí. Inú èrè ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń san án. Bí ọjà bá tà lọ́dún yìí, ilé ìwòsàn á gba owó rẹ̀. Bí ọjà kò bá tà, wọ́n á ní kí ó ṣe sùúrù. Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá wọlé, káàdì ọwọ́ ẹni di páálí. Ìlérí ni, kì í ṣe owó. Ìlérí sì ni ohun tí ẹni tó ń kú lọ kì í lè mú ṣẹ.

A mọ ẹ̀gbọ́n kan tó fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún un pé òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò máa gba ìtọ́jú títí ọjọ́ ayé wọn. Ọdún mẹ́rin ni ó fi gbádùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, akọ̀wé ilé ìwòsàn wo ìwé, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti yọ orúkọ yín." Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpàdé. Oko ni ó ti wá ń wá owó oògùn báyìí, ní ọjọ́ orí tó yẹ kó máa sinmi. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ya owó ìtọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá wó

Bí ilé-iṣẹ́ kò bá lè san gbèsè rẹ̀ mọ́, ilé ẹjọ́ lè yan ẹni tí yóò palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni yìí yóò kó gbogbo ohun ìní jọ, yóò tà á, yóò sì pín owó fún àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ. Kì í ṣe bí a ṣe ń pín ẹran iléyá ni wọ́n ń pín in o. Ó ní títò, òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 ni ó sì tò ó.

Báńkì tó gba ilẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ní ohun ìdúró, ohun ìdúró yẹn ni yóò gbá mú. Owó iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ fúnra rẹ̀ wà níwájú. Lẹ́yìn náà ni gbèsè tí òfin fi sípò iwájú: owó orí kan tó jẹ́ ti ìjọba, owó oṣù òṣìṣẹ́ tí wọn kò tíì san, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n gé tí wọn kò fi ránṣẹ́, àti irú wọn. Ẹ̀yìn wọn ni gbogbo àwọn yòókù tò sí: ẹni tó ta bébà fún wọn, ẹni tó fi ọkọ̀ rẹ̀ kẹ́rù, ẹni tó kọ́ odi. Àárín èrò yìí ni òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe ìlérí ìtọ́jú fún máa ń bá ara rẹ̀, nítorí kò sí ibì kan nínú títò iwájú yẹn tí wọ́n ti dárúkọ ìlérí oògùn rẹ̀. Ìgbà tí yóò bá fi kàn án, àwo lè ti gbẹ.

Ohun kejì tún wà. Ẹni tó ta bébà lè dúró ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò lè dúró oṣù mẹ́ta. Kò jẹ́ nǹkan bí wọ́n bá san owó oògùn fún òkú.

A rí àpẹẹrẹ èyí ní Nigeria Airways. Ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1958. Ọmọ Yorùbá tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lóǹkà. Láàárín 2003 sí 2004 ni ìjọba àpapọ̀ pa á tì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìtúsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ di ọ̀rọ̀ ìwọ́de, ìwé ìbéèrè àti ìpàdé ní Abuja. Ó di 2018 kí ìjọba tó tú 22.68 bílíọ̀nù náírà sílẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdajì ohun tí wọ́n fọwọ́ sí fún wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bí ọdún 15. Ẹni tó jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà tí ilẹ̀kùn tì ti di ẹni márùndínlọ́gọ́rin. Ọ̀pọ̀ ló kú kí owó tó dé, tó jẹ́ pé opó tàbí ọmọ ni ó gbé fáìlì lọ síbi àyẹ̀wò. Owó ìfẹ̀yìntì nìyẹn o, tí gbogbo ènìyàn gbà pé gbèsè ni. Ti ìtọ́jú ìlera, ta ni yóò ka iye ọjọ́ tí ènìyàn kò rí oògùn lò fún ọdún 15, kí ó sì san án padà?

Àwọn ti NITEL rí oore díẹ̀ gbà. Nígbà tí wọ́n palẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà mọ́, tí NATCOM sì ra ohun ìní rẹ̀, ìjọba gbé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lé PTAD lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2013 láti máa san owó ìfẹ̀yìntì ètò àtijọ́. Ìjọba ló ni NITEL, ni ìjọba fi rí ẹrù náà gbé. Bí aládàáni bá ló ni ilé-iṣẹ́ ńkọ́? Kò sí PTAD fún un.

Bí wọ́n ṣe ṣe é níbòmíràn

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun díẹ̀, kì í ṣe pé kí a lè ṣe àkàwé asán, ṣùgbọ́n kí a lè mọ̀ pé ọgbọ́n wà tí a lè dá.

Ní oṣù keje 1986, ilé-iṣẹ́ irin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ LTV lọ sí ilé ẹjọ́, ó ní gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Kíá, ó dá owó ìtọ́jú ìlera àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì dúró, nǹkan bí 78,000 ènìyàn. Ariwo ta. Àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn àgbà wọn. Ilé aṣòfin kọ́kọ́ ṣe òfin onígbà díẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 1988, wọ́n ṣe òfin tó dúró.

Ohun tí òfin náà sọ rọrùn láti lóye. Ilé-iṣẹ́ tó wà nílé ẹjọ́ nítorí gbèsè, tó sì ń gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ tò, kò gbọ́dọ̀ dá owó ìtọ́jú dúró fúnra rẹ̀. Kí ó máa san án lọ. Bí ó bá fẹ́ dín in kù, kí ó jókòó pẹ̀lú aṣojú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn tàbí ìgbìmọ̀ tí ilé ẹjọ́ yàn láti inú wọn. Kí ó ṣí ìwé owó fún wọn. Bí wọn kò bá gbà fún ara wọn, adájọ́ nìkan ló lè sọ bóyá ìdínkù náà jẹ́ ohun tí kò ṣeé yẹ̀, tó sì tọ́ sí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ wò ó pé òfin yìí kò sọ pé ilé-iṣẹ́ kò lè wó. Ohun tó sọ ni pé kò sẹ́ni tí yóò yọ orúkọ bàbá kúrò nínú ìwé láìpe bàbá sí ìpàdé.

Síbẹ̀, òfin náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ilé-iṣẹ́ irin mìíràn, Bethlehem Steel, lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2001. Ní 2003, nígbà tí wọ́n ń ta gbogbo ohun ìní rẹ̀, nǹkan bí 95,000 òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì àti ará ilé wọn pàdánù ìtọ́jú ìlera tí ilé-iṣẹ́ ń san. Òfin kò lè bu omi nínú kànga tó gbẹ.

Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mọ́tò General Motors fi gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2007, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn bá ilé-iṣẹ́ dúnàádúrà pé kí ẹrù ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kúrò lọ́rùn ilé-iṣẹ́, kí ilé-iṣẹ́ kó owó sínú àpò kan tó dá dúró, tí àwọn alámòójútó yóò máa bójú tó. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 2009, General Motors wọ ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè. Àpò náà kò gba gbogbo ohun tí wọ́n ṣèlérí ní owó. Wọ́n fi ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tuntun, 17.5 nínú ọgọ́rùn-ún, dí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò náà wà, ó sì ń san owó dókítà fún àwọn àgbà títí di òní.

Ọ̀nà méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, kí òfin dúró ti arúgbó lọ́jọ́ tí ilé ń jó. Èkejì, kí a ti gbé ẹrù arúgbó jáde kí iná tó ràn. Ní Nàìjíríà, a ti ṣe ọ̀nà kejì fún owó ìfẹ̀yìntì. A kò tíì ṣe é fún ìtọ́jú ìlera. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa gbọ́ èyí, bí wọ́n bá sì wà láàárín àlejò wa lónìí, ọ̀dọ̀ yín ni a fi ẹ̀bẹ̀ yìí sí: ẹ fi ìtọ́jú ìlera òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kún àwọn gbèsè tí òfin fi sípò iwájú, kí ẹ sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní aṣojú níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ilé-iṣẹ́ mọ́.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. A kò ní jókòó dúró de Abuja. Àwọn nǹkan wà tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ wo ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín. Ẹ má ṣe gba "a ti san án" gbọ́. Kí ẹ rí i lójú. Bí oṣù kan bá fò, kí ẹ béèrè nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń mí, nítorí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ tó pẹ́ san ìtanràn lé e. Ẹ tún béèrè ìwé ìdójútòfò ẹ̀mí tí òfin 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ ṣe fún yín, èyí tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó iṣẹ́ ọdún kan.

Bí wọ́n bá ṣèlérí ìtọ́jú lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ẹ gbà á ní ìwé, kí ó ní ọjọ́ àti ìfọwọ́sí. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín béèrè ìbéèrè kan péré níbi ìdúnàádúrà: inú àpò wo ni owó rẹ̀ wà? Bí kò bá sí àpò, ẹ ní kí wọ́n dá a, tàbí kí wọ́n ra ìdójútòfò ìlera tí yóò wà ní orúkọ òṣìṣẹ́.

Bí àìsàn yín bá ti inú iṣẹ́ wá, bí eruku tó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ tàbí ẹ̀rọ tó gé ìka, ọ̀nà mìíràn tún wà. Òfin 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ sínú àpò NSITF. Àpò yẹn ló ń dá ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lóhùn, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àkókò tí òfin fi sí i, ẹ má fi falẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń palẹ̀ ilé-iṣẹ́ yín mọ́, ẹ má dúró nílé. Ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ yóò pe gbogbo ẹni tí ilé-iṣẹ́ jẹ pé kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí kò mú ẹ̀rí wá, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kó ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé owó oṣù àti ìwé ilé ìwòsàn lọ. Ẹ lọ ní ẹgbẹ́, ẹ má lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Agbẹjọ́rò wà nínú ẹgbẹ́ yìí, wọ́n yóò sì sọ fún yín pé bí ìpalẹ̀mọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ènìyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kó tó lè pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ibi tí ìwé wà fún ìyàwó tàbí ọkọ yín. Àwọn opó Nigeria Airways tó rí owó gbà, àwọn tó rí ìwé ni.

Àáró àti ọ̀wẹ̀

Nísinsìnyí ni a kàn án, ohun tí ìgbìmọ̀ wa fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí.

Gbogbo wa la mọ èsúsú. Gbogbo wa dá, gbogbo wa ń kó, kálukú kó iye tó dá. Àáró ni: o bá mi ro oko lónìí, mo bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Èsúsú dára, ṣùgbọ́n kò tó fún àìsàn, nítorí àìsàn kì í dúró de ẹni tí ó kàn. Ohun tí àìsàn ń fẹ́ ni ọ̀wẹ̀. Nígbà tí a bá bẹ̀ wá ní ọ̀wẹ̀, a kì í béèrè pé ìgbà wo ni tèmi yóò kàn. Ilé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ni a ń lọ. Ẹni tí kò kọ́ ilé lọ́dún yìí, kí ó máa dúpẹ́. Ìdójútòfò ìlera, ọ̀wẹ̀ ni. Owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni a fi ń tọ́jú ẹni tí kò le. Kò sí ẹni tó mọ ẹgbẹ́ tí òun yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀.

Òfin ìdójútòfò ìlera tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó ìdójútòfò ìlera. NHIA náà ní ètò kan tí ẹgbẹ́, ẹbí tàbí ẹni kọ̀ọ̀kan lè wọ̀ láìsí agbanisíṣẹ́ kankan. Ibi tó ṣe pàtàkì nìyẹn: láìsí agbanisíṣẹ́. Káàdì tí ilé-iṣẹ́ fún ọ, ilé-iṣẹ́ lè bá a wó. Káàdì tí ìwọ tàbí ẹgbẹ́ rẹ san owó rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ kankan wó.

Ìdí nìyí tí a fi ń dá àbá mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ wọ ìdójútòfò ìlera lápapọ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti ọkọ tàbí aya wọn. Kí a lọ bá àjọ ti ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀, kí a béèrè iye owó, ohun tí wọ́n ń tọ́jú àti ohun tí wọn kì í tọ́jú, kí a sì rí i dájú pé ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Òkìtìpupa yìí wà lára ibi tí káàdì náà yóò ti ṣiṣẹ́. Kò wúlò kí káàdì ẹni wà ní Òkìtìpupa kí ilé ìwòsàn rẹ̀ wà ní Kàdúná.

Èkejì, kí a dá àpò ìlera kan tó yàtọ̀ sí àpò ẹgbẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ènìyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí a máa ka ìṣírò rẹ̀ sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. A kò gbọ́dọ̀ yá owó inú rẹ̀ fún ìnáwó, ì báà jẹ́ ìsìnkú ìyá alága. Ohun tí a bá àwọn ilé-iṣẹ́ wí ni pé wọn kò ya owó sọ́tọ̀. Bí àwa náà bá da owó ìlera pọ̀ mọ́ owó àríyá, kí ni ìyàtọ̀?

Ẹ̀kẹta, kí a yan ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí ọ̀kan jẹ́ agbẹjọ́rò, kí ọ̀kan sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, tí yóò máa jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti bá àwọn àgbà ìlú wa tó fẹ̀yìn tì ka ìwé wọn. Bàbá tó ṣiṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún lè má lè ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i. Wákàtí kan lọ́wọ́ wa lè dá owó ọdún mẹ́wàá padà fún un. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni èyí fún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà nílé kí àgbà máa fi ẹsẹ̀ wú wá oògùn kiri.

A mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Owó dà? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa níwọ̀nba. Aṣọ tí a wọ̀ síhìn-ín lónìí, ó dára, ó yẹ wá, ẹni tó yan àwọ̀ rẹ̀ kò ṣìnà. Gbogbo wa la san owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ẹnì kankan kò sì bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fún òun láyè. Èyí fi hàn pé a lè dá owó bí a bá fẹ́. A kò ní kí a má dá aṣọ mọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a máa san owó ìlera kí a tó dá aṣọ, kí ara tí yóò wọ aṣọ náà lè wà.

Ẹlòmíràn yóò ní, bí mo bá san án, tí ara mi kò sì rẹ̀, ṣé wọ́n á dá a padà? Wọn kò ní dá a padà, a sì gbàdúrà pé kí ó má kàn ọ́ rárá. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ kì í gbé ìdajì ilé lọ sílé rẹ̀. Ohun tó gbé lọ ni ìdánilójú pé bí òjò bá ṣí òrùlé tirẹ̀, àwọn ènìyàn yóò wá.

Ìparí

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ilé-iṣẹ́ ń wá, ilé-iṣẹ́ ń lọ. Ìjọba ń wá, ìjọba ń lọ. Ẹgbẹ́ ọ̀gbà ni kì í lọ, nítorí a kò fi owó ra á, ọjọ́ ìbí ló fún wa. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, a jọ ń pọn omi, a jọ ń jẹ púpurú nínú àwo kan, bí ọ̀kan bá ṣubú lójú ọ̀nà odò, a ò ní kí ó dúró de bàbá rẹ̀ kí ó tó dìde. Ohun tí a ń béèrè lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Ìwé àbá mẹ́ta yìí wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e. Ẹ mú ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín wá sí ìpàdé náà, a ó jọ kà á. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí wá a láti alẹ́ òní.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún pàdé ní ogún ọdún ẹgbẹ́, pẹ̀lú ara líle, ojú tó ríran, ẹsẹ̀ tó lè jó. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yóò máa tòrò. Ọ̀pẹ wa yóò máa so. Àwọn àgbà wa yóò pẹ́ fún wa, wọn yóò sì pẹ́ nínú àlàáfíà.